Vọ́lúńtíà tí mo lọ ṣe ní Zambia láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ HIV: ohun tí owó mi rà àti ohun tí kò rà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn èèyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, àwọn kan lórí WhatsApp, àwọn kan ní Ọlá-Ìyá níbi tí mo bá ti ń dúró de kòròpe, wọ́n á ní tíṣà, ètò tí ẹ bá lọ sí Zambia yẹn, ṣé òótọ́ ni àbí gbájúẹ̀ ni, ṣé ẹ lè fún wa ní línkì ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe gbájúẹ̀. Wọ́n wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n fún mi ní ibi tí mo sùn, mo sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n wá ṣe. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì nínú márùn-ún, mẹ́ta ni mo máa fún wọn, méjì nínú mẹ́ta yẹn gan-an kì í ṣe tiwọn, ti ìyá nọ́ọ̀sì kan tó wà ní Livingstone, ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Zambia, ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe é báyìí, ẹ máa rí irú wọn rẹpẹtẹ lórí Facebook, ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní sẹ́kọ́ńdìrì kan níbí ní Òṣogbo, àmọ́ kì í ṣe bàọ́lọ́jì ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2003, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Alékùwodò là ń gbé, ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin wá ń gbé lọ́dọ̀ wa torí ara ẹ̀ ò yá. Mo rántí pé wọ́n ya abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, abọ́ onírin pupa kan tó ní ìlà funfun létí, ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Nígbà tó kú, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni màmá mi tó sọ ohun tó pa á fún mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì ń sọ ọ́, bí ẹni pé olóògbé ṣì wà ní yàrá kejì tó lè gbọ́ kí ojú tì í. Abọ́ yẹn ò kúrò lójú mi dòní. Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ JSS 3 kan dìde nínú kíláàsì mi ó ní tíṣà, tí èèyàn bá lo ṣíbí ẹni tó ní éèdì ṣé kò ní ràn án, gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́, wọ́n ń wò mí lẹ́nu, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn ò tíì tán nílẹ̀ láti ọdún yẹn. Mo fún un lésì o, mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé rárá lásán ò tó, mi ò sì mọ ohun tí mo tún máa sọ kún un.

Ká má tan ara wa, ẹ̀kọ́ yìí wà nínú kàríkúlọ́ọ̀mù wa láti 2003 náà, Family Life and HIV Education ni wọ́n pè é, wọ́n pín in sínú àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo mọ tíṣà tó jẹ́ pé tó bá dé ojú ewé yẹn ó máa ní kí wọ́n lọ kà á nílé. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ètò vọ́lúńtíà yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ HIV, ẹ ò nílò ìrírí kankan. Ó yẹ kí gbólóhùn yẹn ti kọ mí lóminú nígbà náà. Owó tí mo san jẹ́ 1,150 dọ́là fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti àárín oṣù karùn-ún 2024 sí ìparí oṣù kẹfà, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí dọ́là ń ṣe fún wa lọ́dún yẹn. Àjọ tí mo dá fún ọdún kan ààbọ̀ ló wọlé síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Canada ló bá mi gbé ẹrù tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà nínú owó yẹn ni ibùsùn, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹni tó máa wá pàdé èèyàn ní Lusaka, ìwé ìkésíni, àti ohun tí wọ́n pè ní tréníìnì. Físà ò sí nínú ẹ̀, ìnṣọ́ránsì ò sí nínú ẹ̀, wọn ò tiẹ̀ mẹ́nu ba káàdì yẹ́lò rárá, bẹ́ẹ̀ Zambia ò ní gba ọmọ Nàìjíríà wọlé láìsí ìwé pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ti bá ibẹ̀ kọjá tó pè mí lọ́sẹ̀ tó ku kí n lọ. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Òṣogbo sí Èkó, Èkó sí Addis Ababa, Addis sí Lusaka, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán fi pọ̀, a gba Mazabuka, a gba Choma, kó tó di pé a dé Livingstone. Mi ò ní fi ìrìn àjò pa yín.

Tréníìnì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ bínú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé, ìdajì ọjọ́ kan ni wọ́n fún wa. Èèyàn mẹ́fà ni wá, èmi nìkan ni adúláwọ̀, àwọn yòókù wá láti Jámánì, Holland àti Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 18 sí 22 ni wọ́n, ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́. Síláìdì tí wọ́n gbé síwájú wa ò kọjá pé ẹ má bá èèyàn lòpọ̀, ẹ jẹ́ olóòótọ́ sí ẹnì kan, ẹ lo kọ́ńdọ́ọ̀mù. Kò burú, òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí ohun kan níbẹ̀ nípa PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní kòkòrò náà máa ń lò kó má baà kó o, bẹ́ẹ̀ láti 2012 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i. Wọn ò sọ pé tí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò tàbí tí rọ́bà bá ya, oògùn kan wà tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un kí wákàtí 72 tó pé, tó máa lò fún ọjọ́ 28. Wákàtí 72 péré o, ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ tí kò bá gbọ́ ọ rí á jókòó máa sunkún nínú yàrá títí ọjọ́ mẹ́ta á fi kọjá lórí ẹ̀. Wọn ò sì sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ tó wà lórí ọ̀rọ̀ HIV lónìí, pé ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀ déédéé títí àyẹ̀wò ò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kò ní kó o ran ẹni tó bá bá lòpọ̀. Mo béèrè. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ìyẹn á dojú rú fún àwọn ọmọ. Mi ò fara mọ́ ọn nígbà yẹn, mi ò sì fara mọ́ ọn títí di ìsìnyí.

Ohun tó kó wa yọ ni pé wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa máa tẹ̀ lé ẹni tó ń gbé ládùúgbò wọ kíláàsì. Ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa, ó gbọ́ Tonga, ó gbọ́ Lozi, ó gbọ́ Nyanja, ó sì mọ ìyá ọmọ tó pọ̀ jù nínú kíláàsì yẹn lórúkọ. Kíláàsì tiwa jẹ́ ọmọ bí ogójì, ọdún 13 sí 17, lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde lọ́sàn-án. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mo sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, mo ya ẹ̀jẹ̀, mo ya sẹ́ẹ̀lì, mo ṣàlàyé bí kòkòrò náà ṣe ń wọlé, mo ní ta ló ní ìbéèrè, kò sẹ́ni tó yanu. Nígbà tí a ń lọ sílé, ìyá yẹn ní ọmọ mi, o dáhùn ohun tẹ́nì kankan ò bi ọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé páálí kan wá tó ti lu ihò sí lórí. Ó pín bébà fún gbogbo wọn, bébà kan náà, ìwọ̀n kan náà, báírò kan náà, ó ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ẹni tí kò bá ní ìbéèrè kó kọ orúkọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ kọ nǹkan, gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ jù ú síbẹ̀. Ẹ rí ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn? Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ní ìbéèrè nìkan ló ń kọ̀wé, gbogbo kíláàsì ló máa mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí ogójì ọwọ́ bá jọ ń kọ̀wé, ta ló máa mọ ẹni tó kọ oúnjẹ àti ẹni tó kọ ohun tó ń já a láyà?

Kò sí ohun tí mo lè fi wé àwọn bébà yẹn. Ọ̀kan ní ṣé tí èèyàn bá wọ kọ́ńdọ́ọ̀mù méjì lórí ara wọn kò ní dáa ju ọ̀kan lọ? Rárá, ṣe ni wọ́n máa ń ha ara wọn, wọ́n á ya. Ọ̀kan ní ṣé ẹ̀fọn ò lè gbé e láti ara ẹni kan sí ara ẹlòmíì bó ṣe ń gbé ibà? Rárá. Ọ̀kan ní òun ti dábẹ́, ṣé òun ṣì nílò rọ́bà? Ọ̀rọ̀ ìdábẹ́ yìí gbà wá lákòókò gan-an, torí lọ́dọ̀ wọn ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ni kì í dábẹ́ fún ọmọkùnrin, láti 2007 tí àjọ ìlera àgbáyé ti dámọ̀ràn ẹ̀ ni àwọn géńdé ọkùnrin ti ń lọ sí kílíníìkì lọ ṣe é, torí ó ń dín ewu kí ọkùnrin kó o lára obìnrin kù ní nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni àwa máa ń ṣe é fún, mo ní ọmọ tuntun ni, kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbogbo kíláàsì pariwo. Mo wá lo ìlú wa fún wọn bí àpẹẹrẹ, mo ní nílé wa gbogbo ọkùnrin ló dábẹ́, HIV ṣì wà níbẹ̀, ọgọ́ta kì í ṣe ọgọ́rùn-ún, ẹ lo rọ́bà yín.

Bébà kan tún wà tó jẹ́ pé èmi nìkan ló lè dáhùn ẹ̀ nínú àwa vọ́lúńtíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n ń wo fíìmù wa lọ́hùn-ún gan-an ni, wọ́n sì ń wo àwọn pásítọ̀ wa lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ yẹn kọ ọ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Nàìjíríà wá, ṣé lóòótọ́ ni àwọn wòlíì yín lè gbàdúrà kí HIV kúrò lára èèyàn kó má lo oògùn mọ́? Ẹ̀rù bà mí láti dáhùn ẹ̀, torí ọmọ ìjọ lèmi náà, mo sì mọ̀ pé ẹni tó kọ ìyẹn lè ní ẹnì kan nílé tó ti ju oògùn sílẹ̀. Mo ní àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á, ẹ máa gbà á, kí ẹ sì gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ fi lo oògùn yín. Mo ní ẹni tó bá ní kí ẹ da oògùn nù kó tó gbàdúrà fún yín, ẹ má padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì tún un sọ ní Tonga, ó sì tún un sọ ní Nyanja.

Ṣùgbọ́n èyí tó yí iṣẹ́ mi padà ni bébà kan tí wọ́n ká ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n bí mi mọ́ ọn ni, ìgbà wo ni kí n sọ fún ọmọkùnrin tó fẹ́ràn mi? Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ yìí láti ọ̀sẹ̀ kan bí ẹni pé gbogbo wọn ò ní in, mò ń wí pé kí ẹ má baà di ọ̀kan nínú wọn, ẹ yẹra fún un, ẹ sá fún un, ọ̀kan nínú wọn sì jókòó níwájú mi ó ń gbọ́. Ìwádìí tí ìjọba wọn ṣe ní 2021 sọ pé nǹkan bí àgbà 11 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in níbẹ̀, tiwa ní 2018 jẹ́ 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ẹni ọdún 15 sí 49, ẹ fojú inú wo iye ọmọ tí wọ́n ti bí mọ́ ọn kí ìtọ́jú aláboyún tó gbilẹ̀. Ìyá yẹn ò wá ẹni tó kọ ọ́. Ó ka bébà náà jẹ́jẹ́, ó wá ní ẹ jẹ́ ká jọ dáhùn ẹ̀, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara yín ju ẹ̀yin lọ, ẹ ò jẹ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní gbèsè ẹ̀, àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé orí bẹ́ẹ̀dì ẹ máa lo oògùn yín, kí ẹ bá nọ́ọ̀sì yín sọ ọ́, ẹ lè gbéyàwó, ẹ lè lọ́kọ, ẹ lè bí ọmọ tí kò ní in. Láti ọjọ́ yẹn mi ò pè wọ́n ní "wọn" mọ́ nínú kíláàsì kankan.

Alẹ́ ọjọ́ kan ló bi mí pé kí ni ẹ̀yin ń pe àrùn náà lédè yín. Mo ní àrùn kògbóògùn. Ó ní kí ló túmọ̀ sí, mo sì sọ ọ́ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ṣé ẹ kọ́kọ́ máa ń sọ fún ọmọ pé oògùn ò ràn án kí ẹ tó wá gbé oògùn fún un ni? Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn látìgbà tí mo ti wà ní kékeré, mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò, mo kọ ọ́ sórí pátákó, mi ò rò ó rí. Nígbà tí orúkọ yẹn jáde, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Títí di òní kò tíì sí oògùn tó máa lé kòkòrò náà jáde pátápátá kúrò lára gbogbo èèyàn, àmọ́ èyí tó ń so ó mọ́lẹ̀ wà, èèyàn á máa lò ó á sì pẹ́ láyé bí ẹni tí kò ní in. HIV ni mò ń pè é ní kíláàsì mi báyìí. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ rédíò ní Òṣogbo, ẹ bá wa jáwọ́ nínú kògbóògùn.

Òun náà ló sọ fún mi pé ní 1987, Kenneth Kaunda tó jẹ́ ààrẹ wọn dìde, ó sọ ní gbangba pé éèdì ló pa ọmọ òun Masuzyo, nígbà tí kò sí olórí kankan tó fẹ́ kí orúkọ àrùn yẹn sún mọ́ ilé òun. Mo sọ ti Fẹlá fún un. August 2, 1997 ló kú, lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó ti jẹ́ mínísítà ìlera rí, sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ni. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì ń ya abọ́ sọ́tọ̀ ní Alékùwodò.

Ohun kan tí mo tún rí kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni bó ṣe ń bá àwọn ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tó dàgbà. Kì í pariwo lé wọn lórí. Ó máa ń fa ìlà sórí pátákó, ọmọkùnrin ọdún 16, ọkùnrin ọdún 25, ọkùnrin ọdún 35, ó máa ní èwo nínú wọn lẹ rò pé ó ṣeé ṣe jù kó ti ní in. Àwọn ọmọ á ní ọmọ ọdún 16 ni torí onírìnkurìn ni wọ́n, bàbá ọdún 35 ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó mọ́, ó ní mọ́tò. Ó wá máa fi hàn wọ́n pé òdìkejì ni. Ìwádìí kan tí Pascaline Dupas gbé jáde ní 2011 láti Kenya bá ohun tó ń ṣe yìí mu rẹ́gí, níbi tí wọ́n ti fi irú ìyàtọ̀ yìí han àwọn ọmọbìnrin, oyún láàárín wọn fi 28 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù, níbi tí wọ́n ti kàn ń sọ pé ẹ pa ara yín mọ́ títí ẹ ó fi lọ́kọ, nǹkan kan ò yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí àwọn bàbá onímọ́tò ń gbé ní ìrọ̀lẹ́ níbí, ẹ ronú sí i.

Ilé tí wọ́n fi wá sí mọ́, obìnrin ló ń ṣe kòdínétọ̀ wa, gbogbo ìgbà ló ń gbé fóònù ẹ̀, nígbà tí ibà mú ọmọ Holland lóru àárín òru náà ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni mo ti fún wọn ní máàkì kan tó jẹ́ tiwọn. Oúnjẹ wọn ni nshima, ẹ̀kọ àgbàdo funfun tí wọ́n rò tó le débi téèyàn lè fọwọ́ bù ú bí iyán, mo jẹ ẹ́ dáadáa. Iná ò sí, ọ̀dá mú wọn lọ́dún yẹn, ìjọba wọn ti kéde ẹ̀ ní February bí ìjàm̀bá, omi Kariba tó ń fún wọn níná ti lọ sílẹ̀, àwọn ọmọ Jámánì ń ráhùn ṣùgbọ́n ẹni tó ti Òṣogbo lọ mọ bí wọ́n ṣe ń bá òkùnkùn gbé. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, òwúrọ̀ oṣù kẹfà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀yẹ́ wa o.

Ó wá ku ohun tí mo fi yọ máàkì méjì. Àkọ́kọ́, fọ́tò. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì wọ́n ń fẹ́ fọ́tò àwa àti àwọn ọmọ, kí ọmọ gbé káàdì dání tó ní rìbọ́ọ̀nù pupa, àmì HIV, wọ́n á gbé e sórí ìkànnì wọn fi wá àwọn vọ́lúńtíà míì. Ìlú kékeré ni Livingstone. Ọmọ tí wọ́n bá rí fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú káàdì HIV, kí lẹ rò pé aládùúgbò ẹ̀ máa sọ? Mo kọ̀, mo ní mi ò ní dúró sí ọ̀kan nínú ẹ̀, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Mo padà lọ kà á, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lójú ewé keje. Síbẹ̀ mi ò dúró.

Ìkejì, kò sí ìwé tí ẹni tó ń lọ fi ń lé iṣẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Ọmọ kan sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí àlejò máa wá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń wọ kọ́ńdọ́ọ̀mù, àwọn ti mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ṣé kò sí ohun míì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú tuntun, ẹ̀kọ́ kìíní, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ojú tuntun, ẹ̀kọ́ kìíní. Mo ra ìwé kan, mo kọ gbogbo ìbéèrè inú páálí síbẹ̀ àti bí a ṣe dáhùn ẹ̀, mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá nọ́ọ̀sì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àyẹ̀wò. Wọ́n ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àwọn ará kílíníìkì máa wá ṣàyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́, àwọn ọmọ fi orúkọ sílẹ̀, àwọn mìíràn ti lọ bá òbí wọn sọ ọ́, ẹ mọ irú ìgboyà tí ìyẹn gbà? Ọjọ́ pé, kò sẹ́ni tó wá, ilé iṣẹ́ náà ò kọ lẹ́tà sí kílíníìkì lásìkò. Mo wo ojú àwọn ọmọ yẹn. Ìyá nọ́ọ̀sì ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kó méje nínú wọn lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta torí àyẹ̀wò lè má tètè rí i. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń fún ìyá yìí? Owó ọkọ̀ nìkan. Nínú 1,150 dọ́là èèyàn mẹ́fà, owó ọkọ̀ nìkan.

Mo dé Òṣogbo, mo gbé páálí Indomie kan lọ sí kíláàsì mi. Pírínsípà gbà, PTA ni wàhálà, bàbá kan dìde ó ní mo fẹ́ fi ìṣekúṣe kọ́ ọmọ òun. Kí n dọ̀bálẹ̀ fún wọn ló kù, àmọ́ obìnrin ni mí, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì kí ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Wọ́n wá. Ìyá kan bi mí pé tí wọ́n bá rí i lára ọmọ, ṣé wọ́n máa lé e ní ilé ìwé, mo sọ fún un pé òfin 2014 wà ní Nàìjíríà tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi HIV ya èèyàn sọ́tọ̀, ilé ìwé o, ibi iṣẹ́ o, oògùn ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní January 2025, àyà mi já, ìyá nọ́ọ̀sì náà ń kọ̀wé sí mi láti Livingstone pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn òun, níbí ìjọba àpapọ̀ gbé owó kalẹ̀ fún oògùn, mo bẹ Ọlọ́run kí wọ́n máa bá a lọ.

Ṣé mo ní kí ẹ lọ? Tẹ́ ẹ bá jẹ́ tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tẹ́ ẹ sì ní ibi tẹ́ ẹ máa gbé e padà sí, ẹ lọ, mi ò kábàámọ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ran àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ fi owó yẹn ran ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀: ta ni ará ìlú tí màá máa tẹ̀ lé, èló lẹ ń san fún un? Ìwé tí ẹni tó lọ ṣáájú mi kọ sílẹ̀ dà? Kílíníìkì wo lẹ jọ ń ṣiṣẹ́? Ṣé mo lè kọ fọ́tò?

Oṣù tó kọjá wọ́n fi méèlì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá lẹ́ẹ̀kejì, àwọn máa dín 200 dọ́là kù fún mi torí mo ṣe dáadáa. Mo fèsì pé mo máa san owó pé, kí wọ́n fi 200 dọ́là yẹn bẹ̀rẹ̀ owó oṣù fún ìyá nọ́ọ̀sì. Wọn ò tíì fún mi lésì. Tí wọ́n bá gbà, mo máa padà wá síbí wá tún máàkì wọn ṣe.